Ẹni Tó Kágò Nínú Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Ìyá Adéwùmí ṣì wà láyé. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó lọ bá a ní Ṣakí, kó bi í. Mo ti purọ́ rí. Mo purọ́ fún àwọn aṣọ́bodè, mo purọ́ fún onílé tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Eléyìí kì í ṣe irọ́. Ojú mi ló ṣe, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmúdà lorúkọ mi. Ojú ọ̀nà ni mo gbé dàgbà. Mo ru ẹrù ní Kùmásì, mo wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìjìó kọjá ààlà, mo sùn sábẹ́ ọkọ̀, mo sùn sí iwájú mọ́sálásí, mo sùn níbi tí n kò lè dárúkọ fún ọmọlúwàbí. Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Pátákó ojú títì ló kọ́ mi. Nígbà tí orúnkún mi kọ̀ láti bá mi rìn mọ́, mo dé Ṣakí ní ọdún 1988, wọ́n sì gbà mí sí iṣẹ́ mẹ́gáàdì ní ilé Tíṣà Jẹ́ẹ́dé.

Ilé náà wà ní ìparí ìlú, níbi tí ilé ti tán tí koríko bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí olè fẹ́ jí níbẹ̀ ju àga àti ìwé lọ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́.

Tíṣà ti kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé. Wọ́n ní bó bá ń pe orúkọ ní kíláàsì, ọmọ tó sá lọ sí ọjà á dáhùn láti ọjà. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá mú un ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gba apá ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀, ó sì gba ohùn pátápátá. Ọwọ́ òsì tó kù ń gbọ̀n débi pé kò lè di bírò mú. Fún ìgbà pípẹ́, ojú nìkan ni ọkùnrin náà fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Olúkúnlé ló gbé ẹ̀rọ náà wá. Ìbàdàn ló ti ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú irú tí àwọn òyìnbó ń lò nílé, tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bọ́tìnì bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì ní ẹnu tóóró kan tí wọ́n ń ki díìsì bọ̀. Díìsì ọ̀hún pẹlẹbẹ, ó dúdú, bíi rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú páálí. Inú díìsì yẹn ni Olúkúnlé kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù sí, tó fi kọ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kí Tíṣà lè máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀.

N kò tíì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀. Ìyá Adéwùmí, ìyàwó rẹ̀, ló sọ fún mi. Ó ní ọkọ òun wo bọ́tìnì títí, ó gbé ìka, ó gbé e sọlẹ̀, ó tún gbé e. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n: MOJỌLÁ, JẸUN.

Láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé ni obìnrin náà kò ti jẹun dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, kò sì lè wí. Lọ́jọ́ náà, obìnrin náà bu ẹ̀kọ tutù, ó jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń jẹ, ó ń sunkún, ó sì ń bú u pé, “Ọkùnrin yìí, ẹ̀rọ òyìnbó náà lẹ tún fi ń pàṣẹ fún mi.”

Ẹ̀rọ yẹn ni ẹnu Tíṣà. Bó bá bàjẹ́, ẹnu ti pa dé nìyẹn.

Ìdí nìyí tí Olúkúnlé fi ń kìlọ̀ nígbà gbogbo. Ó ní kòkòrò kan ti jáde tó ń ti inú díìsì kan bọ́ sí òmíràn. Ó ní a kì í rí i. Ó máa ń dákẹ́ sínú ẹ̀rọ, á máa ṣọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe, ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Díìsì àjèjì kankan kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ẹ̀rọ náà. Ó lẹ bébà fàdákà mọ́ ẹ̀gbẹ́ díìsì Tíṣà kí ohunkóhun má lè kọ ara rẹ̀ sí i. Ó ṣe ẹ̀dà kan, ó fi pamọ́ sínú àpótí aṣọ. Ìyá Adéwùmí tún to káńfọ̀ yí ẹ̀rọ náà ká, bí èèyàn ṣe ń tò ó sínú aṣọ òkè.

“Mọ́mì,” Olúkúnlé wí, “kòkòrò yìí kò ní ẹsẹ̀.”

“Ó kéré tán, á ní imú,” obìnrin náà dáhùn. Káńfọ̀ wà níbẹ̀ títí.

Inú ọyẹ́ ni Ràsáàkì dé. Ọmọ Ìjìó ni, Tíṣà ló kọ́ ọ kó tó di oníṣòwò tó ń kó ọjà wọlé láti òdìkejì ààlà. Ó wá kí ọ̀gá rẹ̀. Ó mú díìsì kan dání. Ó ní eré ni ó wà nínú rẹ̀, kí Tíṣà máa fi najú. Mo bi í pé ta ló fún un. Ó ní ọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ ni, pé ó dà bí ẹni ń kánjú láti gbé e kúrò lọ́wọ́.

Ẹ wò ó, a kì í kọ ẹ̀bùn tí wọ́n mú wá fún aláìsàn. Àdúrà ni. Ẹni tó kọ̀ ọ́ ti kọ àdúrà. Ìyá Adéwùmí kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́. Nígbà tí Ràsáàkì lọ tán, ó gbé e sí ojú fèrèsé níta, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí. Ó ní òun kò kọ̀ ọ́, òun kò sì jẹ́ kó wọlé.

Ó wà níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ bò ó. Mo máa ń wò ó nígbà mìíràn bí mo ṣe ń wo èrò tó jókòó sí gáréèjì tí kò sí ọkọ̀ fún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun mọ́ńgàríbà, NEPA mú iná dé. Ìyá Adéwùmí tan ẹ̀rọ fún ọkọ rẹ̀, ó padà sí ìdí ọbẹ̀. Tíṣà ń tòògbé lórí àga. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Àwọn adìẹ ti wọlé. Odó tó máa ń dún ní ilé kejì ti dákẹ́. Mo rántí ìdákẹ́jẹ́ yẹn dáadáa, nítorí mo gbọ́ èémí ara mi.

Ọ̀rọ̀ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

ÀGÒ O.

Mo wo ọwọ́ Tíṣà. Ó wà lórí itan rẹ̀. Mo nu ojú mi, mo ní eruku ni. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún wá, nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́.

ÀGÒ ONÍLÉ O.

Tíṣà la ojú. Ó kà á. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ó gbìyànjú láti jókòó dáadáa, bí ẹni tí àlejò bá nínú aṣọ ilé. Ẹni tó bá ti gbé ojú ọ̀nà mọ̀ pé a kì í dá ohùn lóhùn tí a kò bá rí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ire ni Tíṣà. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó kágò, a máa ń yà fún un ni. Kí n tó la ẹnu, ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì.

ÀGÒ YÀ. Ẹ MÁ BÍNÚ, ỌWỌ́ ÒSÌ NI MO FI Ń DÁHÙN.

Atẹ́gùn tutù kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọ inú ilé. Mo ti sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ kò fẹ́ lálẹ́ yẹn.

Ẹ KÚ ILÉ O, ni tẹlifíṣọ̀n wí.

Ìyá Adéwùmí gbé oúnjẹ wọlé. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara rẹ̀ ni. Ó ń gbé abọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn jáde, ọwọ́ Tíṣà sì wà lórí itan rẹ̀ lójú gbogbo wa.

ÌYÁ ADÉWÙMÍ, IYỌ̀ PỌ̀ DÍẸ̀ NÍNÚ ỌBẸ̀ YẸN.

Obìnrin náà dúró. Ó ki ìka bọ ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó wò mí. Iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Mo jáde lọ wo ojú fèrèsé. Díìsì Ràsáàkì wà níbi tí a gbé e sí. Eruku orí rẹ̀ kò mì.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Bí mo ṣe wí i náà ló rí. Á tẹ gbólóhùn kan, gbólóhùn náà á dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà kan á tú, á rẹ̀ dànù sísàlẹ̀ bí ewé igi nínú ọyẹ́. Òmíràn á tẹ̀ lé e. Ó máa ń dún, ohùn kékeré kan, bí ìgbà tí iyanrìn bá bọ́ sórí páànù. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà á fi di òkìtì nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀dà inú àpótí aṣọ. Bákan náà ni.

Ọ̀rọ̀ àlejò kì í já bọ́ ní tirẹ̀.

Kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Á kí wọn ní ìrọ̀lẹ́. Á ní omi ti fẹ́ tán nínú àmù. Á ní kí wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ Tíṣà, pé ọyẹ́ ń mú un. Òótọ́ sì ni, ẹsẹ̀ Tíṣà á ti tutù. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó mọ ibi tí ara èèyàn ti tutù mọ èèyàn náà jù.

Ìyá Adéwùmí sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ń ka ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kí ó tó já. Á mú ìbẹ̀rẹ̀, á mú díẹ̀ ní àárín. Lọ́jọ́ kan Tíṣà tẹ orúkọ ìyàwó rẹ̀, MOJỌLÁ, orúkọ náà sì tú dànù kí ó tó tẹ ohun tó fẹ́ sọ tẹ̀ lé e. Ó tún un tẹ̀. Ó tún tú. Omi yọ lójú ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ di ìka náà mú, ó fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

“Mo ti gbọ́,” ó wí. “Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ti gbọ́.”

Èmi náà ti le jù fún ẹkún, nítorí náà inú ló bí mi. Mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nígbà tí iná wà, mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo fi ẹnu bi í léèrè. N kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí náà mo lo “ẹ” fún un.

“Níbo lẹ ti ń bọ̀?”

Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀NÀ.

Mo mọ ìdáhùn yẹn. Èmi náà ti fún àwọn onílé ní irú rẹ̀ rí, nígbà tí ó ti rẹ̀ mí jù láti pa irọ́ mìíràn. Ó tún kọ:

ILÉ TÍ MO TI WỌ̀ PỌ̀. IBÍ NÌKAN NI WỌ́N TI DÁ MI LÓHÙN.

A ránṣẹ́ sí Olúkúnlé. Ó wá láti Ìbàdàn, ó tú ẹ̀rọ náà wò títí oòrùn fi yẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ nípa kòkòrò tó máa ń mú lẹ́tà já bọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í kágò, ó sì dájú pé kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Gbogbo ìgbà tó fi wà nídìí ẹ̀rọ náà, àlejò kò sọ nǹkan kan fún un. Mo rò pé ó gbà pé orí gbogbo wa ti dàrú. Ó wo díìsì ojú fèrèsé, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó gbà pé kò wọ ẹnu ẹ̀rọ kankan láìpẹ́ yìí. Ó bi wá pé báwo ló ṣe wá wọlé. A wo Tíṣà. Tíṣà wo ilẹ̀.

Olúkúnlé ní ohun kan ṣoṣo ló kù. Òun á nu díìsì méjèèjì mọ́ pátápátá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kòkòrò á lọ. Iṣẹ́ Yorùbá òun náà á lọ. Òun sì fẹ́ rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun fún ẹ̀kọ́, òun kò mọ ìgbà tí òun á lè ṣe òmíràn.

Ó yé gbogbo wa pé Tíṣà kò ní ọdún púpọ̀ láti fi dúró.

Tíṣà ló kọ́kọ́ mira. Ó gbé ìka. Ìyá Adéwùmí sáré sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń kà á síta fún wa bí ó ṣe ń jáde, kí ó tó já.

“A kì í lé àlejò,” ó kà. “A máa... a máa ń sìn ín ni.”

Lẹ́tà náà tú dànù. Òkìtì ìsàlẹ̀ ga sí i.

Olúkúnlé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Tíṣà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kò burú, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìyá Adéwùmí lọ sí ìdí iná. Ó pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú ewé, ó sè é, ó gbé e wá síwájú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. “Ẹ gbà, ẹ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà,” ó wí. “Mo rọra fi iyọ̀ sí i.”

Ẹ ṢÉ, ÌYÁ MI.

Tíṣà náà tẹ̀: Ó DÀBỌ̀ O. ỌLỌ́RUN Á SÌN YÍN. Ìyẹn náà já bọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó kà á ti kà á.

Èmi ni mo gbé díìsì Ràsáàkì tó gbé àlejò náà dé kúrò lójú fèrèsé. Èmi ni mo mọ ọ̀nà. Mo fi aṣọ mímọ́ wé e, mo gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání, mo kọjú sí ọ̀nà ààlà. Oòrùn ti pọ́n nínú ọyẹ́, ó ń lọ. Koríko ti gbẹ lápá méjèèjì. N kò rí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, ọkùnrin tàbí ewúrẹ́.

A ti fi ilé sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ kejì. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, díẹ̀ sẹ́yìn. Mo dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i kó tó dúró. N kò wẹ̀yìn. Bí a bá ń sin àlejò, a máa ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí ọ̀nà má gùn lójú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ nípa Kùmásì. Mo sọ nípa ọkọ̀ kan tó takú lábẹ́ òjò, tí mo sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó. Mo sọ àwọn nǹkan tí n kò sọ fún ẹni kankan rí, nítorí kò sẹ́ni tó bá mi rìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

A dé ìdí igi irú kan níbi tí ọ̀nà ti pínyà. Mo gbé díìsì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Mo ní, “Ibi tí mo lè sìn yín dé nìyí.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé onílé kì í dédé padà. Àlejò ló máa ń sọ pé ó tó, kí ó padà. Mo dúró kí ó wí. Ilẹ̀ ń ṣú. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan di etí ọwọ́ aṣọ mi mú. Ó yí mi padà, jẹ́jẹ́, bí ọmọ ṣe ń yí bàbá rẹ̀ sí ọ̀nà ilé. Ó fi mí sílẹ̀.

Mo lọ. N kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo délé, gbogbo wọn wà ní dídúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, àyàfi Tíṣà tó jókòó. Ìyá Adéwùmí ní kò tíì pẹ́. Ó ní òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gòkè padà sí àyè rẹ̀ bí ewé tó ń padà sórí igi. MOJỌLÁ wà níbẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Olúkúnlé yẹ díìsì méjèèjì wò, kò rí nǹkan kan tó yẹ kó nù. Ó ní bóyá iná NEPA ló ń ṣe ségesège. Ó padà sí Ìbàdàn láìkí mi dáadáa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, NEPA mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò. A tan fìtílà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tẹlifíṣọ̀n tàn, láìsí iná.

MO DÉLÉ O. Ẹ KÚ ÀLEJÒ.

Ìyá Adéwùmí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ mìíràn jáde.

BÀBÁ ÀMÚDÀ ŃKỌ́? NÍBO NI ILÉ WỌN WÀ? MO FẸ́ WÁ KÍ WỌN.

Tíṣà gbé ìka rẹ̀, ó kọ́kọ́ wojú mi. Mo mi orí pé kó má dáhùn. Ó gbé e sọlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà kò já bọ́ mọ́ títí ó fi kú, ní àárọ̀ kan tí òjò ń rọ̀. Ìyá Adéwùmí kò tètè pa ẹ̀rọ náà. Ohun tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀ gbẹ̀yìn wà níbẹ̀ títí wọ́n fi sin ín: MOJỌLÁ, JẸUN. Mo rí i tó jẹun.

Mo kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo tún rìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn ojú ọ̀nà mọ́. Nínú gbogbo ayé mi, kò sẹ́ni tó bèèrè ilé mi láti wá kí mi. Àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa mú mi ni. Mo kọ́ yàrá kan ní Kòmú, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré. Mo ra àga méjì. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé ta ni mo ra èkejì fún.

Kò sí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá mi, kò sí kọ̀ǹpútà, iná ìjọba kò tíì dé apá ọ̀dọ̀ wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, adìẹ ti wọlé, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹnìkan kágò lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo nu eruku orí àga kejì. Mo jókòó sórí tèmi.

N kò tíì dáhùn. Kò sì tíì lọ.